Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Mi àti Inú Rírun Àárín Oṣù

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi pè mí ní orúkọ ìyá mi, lójú gbogbo èrò inú ọkọ̀ okùn.

"Màmá Mọ́sùnmọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìrora ti wọ abẹ́ ikùn yín lápá ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé Ilé Ìtura kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ ò bá lè dá rìn, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, a ó wá gbé yín."

Òkè odò Ògùn la wà nígbà náà, okùn irin lórí wa, omi nísàlẹ̀. Mo ti ká kò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nǹkan kan ń gún mi nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́bàá ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ojú kan ṣoṣo, kò lọ sókè, kò kọjá sápá òsì. Gígún ló kọ́kọ́ gún mi, lẹ́yìn náà ó wá ń fà mí, ó ń fà mí, kò sì jọ pé ó fẹ́ tán. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo ti wọlé ọkọ, mi ò sì tíì mọ bí nǹkan ṣe ń dun ènìyàn rí. Mo mọ orúkọ ìrora bí mo ṣe mọ orúkọ kìnnìún. Ta ló ti rí kìnnìún sójú ní Abẹ́òkúta?

Obìnrin tó jókòó tì mí fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Kí ló ń ṣe ojú tìẹ báyìí? Ṣé ẹ̀rín lò ń rín ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀rín," ni bàbá àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí. Ó ti ń sún mọ́ mi, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ìrora ni. Ẹ fún un láyè kó jókòó dáadáa. Há! Ó mà ti pẹ́ tí mo ti rí i o." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ́nà. "Mí kanlẹ̀, ọmọ mi. Mí síta díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é. Èmi fúnra mi ní ẹ̀yìn ríro nígbà kan, ẹ̀yìn ríro gidi, débi pé ìyàwó mi ló ń bá mi wọ ṣòkòtò láàárọ̀."

"Bàbá, ẹ mà ń sọ ọ́ bí ohun rere," ni obìnrin alápẹ̀rẹ̀ wí.

"Ìyàwó mi ló ń bá mi wọ̀ ọ́, mo ní," ni bàbá náà dáhùn.

Obìnrin náà yíjú padà sí mi. "Màmá ni ìlẹ̀kẹ̀ pè ọ́. Màmá báwo, ìwọ ọmọ kékeré yìí?"

Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ mi ló bàjẹ́. Irọ́ ni. Kò bàjẹ́ rárá, kì í kàn án ṣe tèmi ni. Nígbà tí ọkọ̀ kan Ìtòkò, mo sọ̀kalẹ̀ dípò kí n bá a dé orí òkè níbi tí Ilé Ìtura, tí wọ́n ti ń tọ́jú ara, wà. Mo ń fọwọ́ ti ògiri, mo ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Màmá Ìtòkò la máa ń pè é. Ó jókòó sórí àpáta iwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ọ̀fadà. Kò sí òkúta nínú ọ̀fadà mọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń kórè rẹ̀ ni òkúta ti tán níbẹ̀. Síbẹ̀, Màmá á ṣa á. Ó ní ìrẹsì tí ènìyàn kò bá ṣà kì í dùn, kò sì tíì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn rẹ̀ kó borí.

Ó gbójú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó fi oríkì mi pè mí.

"Àwẹ̀ró, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀gbẹ́ mú báyẹn? Ìyá rẹ gan-an lo jọ yẹn."

"Màmá, ẹ gbà mí. Nǹkan kan ń dùn mí."

"Ó ń dùn ọ́ kẹ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo ká ẹ̀wù mi sókè díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi ló yí ìdí mi ká, èyí tó pọ́n bí iyùn, iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú níbi ìdè rẹ̀. Màmá fi ìka kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi nídìí lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Nínú ìdílé wa, bí obìnrin bá kú, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ti jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lásán, tí kò gbọ́, tí kò fọhùn. Nígbà tí ìjọba wá fún gbogbo obìnrin ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣọ́ ara, tó ń pa ìrora kó tó délé, kò sẹ́ni tó bi ìdílé wa léèrè ohun tí à ń ṣe sí ìlẹ̀kẹ̀ òkú. Òfin ní kí á dá a padà kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹni náà lè parẹ́. A kò dá a padà. Tèmi ń sùn nínú àpótí nílé, kò sì sẹ́ni tó lè jí i àfi Ilé Ìtura.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Ara rẹ gbóná?"

"Rárá, Màmá."

"Èébì ńkọ́? Òòyì?"

"Kò sí."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ?"

"Rárá o. Nǹkan tó ń yọ̀ bí omi funfun inú ẹyin ni mo rí láàárọ̀, mo sì rò pé kò burú."

"Kò burú. Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"

Ìbéèrè yìí le fún mi. Àwa kì í ka oṣù; ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kà á fún wa, a kì í sì í bi í. Mo ronú títí. Mo rántí pé mo wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sin Adégorúsẹ̀n, ọkọ mi, dé èbúté, nígbà tó ń lọ sí oko orí omi tí wọ́n ń dá síbi tí Èkó wà tẹ́lẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

"Ìdajì oṣù nìyẹn," ló wí. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Inú rírun àárín oṣù ni. Inú rírun àárín oṣù, Àwẹ̀ró! Mo rò pé ó ti kúrò láyé ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Ilé ẹyin méjì ló wà nínú ikùn rẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lóṣooṣù, ẹyin kan á dàgbà nínú àpò kékeré kan lára ọ̀kan nínú wọn. Àpò yẹn á máa wú, á máa fẹ̀, títí yóò fi bẹ́ kí ẹyin lè jáde. Wíwú yẹn tó láti dunni. Bó bá sì bẹ́, omi díẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ kín-ún lè kán sínú ikùn, kó máa ta á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Lóṣù mìíràn, ó lè jẹ́ òsì. Ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n títí tó fi darúgbó, ẹlòmíràn á rí i fún wákàtí díẹ̀. Ìyá rẹ, ọjọ́ kan gbáko, nígbà mìíràn á wọ ọjọ́ kejì."

"Ìyá mi?"

"Ta la tún ń sọ bí kò ṣe òun? Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yìí, ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ló mọ̀ ọ́n sí. Kò mọ̀ pé ẹyin tún ń bọ́ nínú ara tó wà báyìí, kò sì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Ló fi wọlé bá ọ."

Ó dìde, ó gbé omi kaná. Kò lo ẹ̀rọ. Igi ló fi dáná, èéfín sì gba gbogbo iwájú ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fẹ́ iná. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, orí ibùsùn òkè ni ìyá mi wà, òun wà nísàlẹ̀. Bí àárín oṣù bá dé, ìyá mi á sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ká orúnkún sókè, òun á sì rọ omi gbígbóná sínú ike, òun á fi súwẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ wé e kó má baà bó o lára. Wọ́n á jọ wà lórí ibùsùn tí kò gba ẹnì kan dáadáa. Ìyá mi á máa ráhùn, á máa sín àwọn tíṣà jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun á máa rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo wa la ní tiwa nígbà yẹn," ni Màmá wí. "Orí fífọ́, eyín dídùn, inú rírun. Ènìyàn á wọlé, á ní nǹkan ń ṣe mí, ẹlòmíràn á sì dìde fún un. Báyìí, ta ló ń dìde fún ta? N ò ní kí wọ́n dá eyín dídùn padà o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àmọ́ mo ń rántí dídìde yẹn."

Ó gbé ike náà lé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbóná rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìrora kò lọ, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀, ó sì di ohun tí ènìyàn lè bá jókòó.

"O mọ̀ pé ìyá rẹ pẹ́ kó tó bí ọ," ló tún wí. "Bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Nígbà tí gbogbo nǹkan sú wọn, ìyá rẹ ní inú rírun òun ni òun máa fi ṣe wòlíì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á pè é: ‘Àárín oṣù ti dé o.’ Bàbá rẹ, ẹni tí òjò kì í lé kó sáré, bàtà ibi iṣẹ́ ló wọ̀ wálé! Má rò pé ó rọrùn o. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni inú rírun ń mọ ọjọ́, oṣù púpọ̀ ló sì wá tó lọ tí kò so èso. Síbẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀, inú ìyá rẹ á dùn, á máa fò kiri ilé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́. Oṣù kan wá dé, inú rírun náà kò padà wá mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo jókòó sórí àpáta gbígbóná náà, inú bí mi sí ìyá mi pé kò sọ fún mi, àárò rẹ̀ sì sọ mí.

"Màmá," mo ní, "bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ yìí máa ń móoru mọ́ mi nídìí. Ìrọ̀lẹ́ ni ìdí máa ń ro ìyá mi, ẹ rántí? Ó ṣì ń ṣe é. Ó rò pé òun ni mí. Mo máa ń fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè jókòó tì í."

Màmá mi orí.

"Mi ò ní í lọ sí Ilé Ìtura. Ẹ ti sọ ohun tó jẹ́ fún mi."

"Ta ló ní kí o má lọ?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo sọ ohun tí mo rò fún ọ. Èmi ò ríran wọnú ikùn. A ní ọ̀rẹ́ kan, Bísóyè, àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá lẹ́yìn tí a jáde ilé ẹ̀kọ́. Ó ní abẹ́ ikùn ń dun òun lápá kan. Èmi àti ìyá rẹ, a ti gbọ́n tán, a ní àárín oṣù ni, a gbé omi kaná fún un. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti fò, ojú ń tì í, kò sọ. Oyún ló dúró sójú ọ̀nà níbi tí kò yẹ kó dúró. Òòyì gbé e lójú wa, kó sì tó di pé a rí ọkọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Irú Bísóyè ló bí Ilé Ìtura. Ara tó ń gbóná, èébì, òòyì, ẹ̀jẹ̀, oṣù tó fò, ìrora tó ń le sí i dípò kó máa rọlẹ̀: ìkankan kò sí lára rẹ, mo dúpẹ́. Àmọ́ o ò mọ ara rẹ, Àwẹ̀ró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo tíì pàdé ìrora. Lọ kí wọ́n wò ọ́."

"Bí mo bá lọ báyìí, ẹ̀rọ á rí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán, tí nǹkan sì ń bẹ́ nínú ilé ẹyin rẹ̀."

"Wọ́n á mú ilé ẹyin yẹn sùn, kò ní í jí mọ́."

"Bí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á fọ ìlẹ̀kẹ̀."

Mo sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n máa mú sùn. Òsì á kù fún mi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi ọ̀kan bímọ. N ó kàn gbà, wọ́n á ṣe é wẹ́rẹ́, n ó sì wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi padà sílé."

Mo retí kó bá mi wí. Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì.

"Àbúrò mi ni," ló wí níkẹyìn. "Bí ó bá jẹ́ èmi ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń móoru mọ́, èmi náà á ronú ẹ̀. N ò lè bá ọ yàn án."

Ilé Ìtura tutù, ó mọ́, ó sì ń rùn bí ewé tuntun. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ìfẹ́dùn, tí kò lè jù mí lọ, mú mi dé orí ibùsùn kan, ó wò mí lójú, ó tún wo iná ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi, ó ní, "Màmá, ẹ mà ṣì kéré lójú o." Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ á gbọ́, ènìyàn á tẹ̀ lé e.

"Màmá Mọ́sùnmọ́lá, ẹ káàbọ̀," ni ẹ̀rọ wí láti inú ògiri. "Ìròyìn ayọ̀ pọ̀ nípa yín. Láti ìgbà tí ẹ ti wá gbẹ̀yìn, ọkàn yín ń lù dáadáa ju ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ. Ìdí kò ro yín mọ́. Ẹ ń gbádùn oorun yín. Ẹ ti ń gun òkè láìsinmi lójú ọ̀nà."

Mo pa ojú dé. Ẹ má bínú sí mi, mo gbádùn rẹ̀. Mo rí ìyá mi tó ń gun òkè Ìtòkò, ìró rẹ̀ ká sókè, kò mí hẹlẹ, ó ń bú àwọn tó wà lẹ́yìn pé wọ́n ń rìn bí ìgbín. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sọ ọ́ lọ. Mo fẹ́ kó sọ ohun tó jẹ láàárọ̀ fún mi.

"Nǹkan kan ṣoṣo ló kù," ló wí. "Ilé ẹyin yín ọ̀tún ń ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe mọ́. A ó mú un sùn. Kò ní í dùn yín. Bí ẹ bá gbà, ẹ gbé ọwọ́ lé dígí."

Dígí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mọ́ rekete. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó gún mi nísàlẹ̀ ikùn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí obìnrin náà gan-an, kì í ṣe èyí tó ń gun òkè tí ẹ̀rọ ń pa ìtàn rẹ̀, bí kò ṣe èyí tó ń di ẹ̀gbẹ́ mú nínú ilé kan tí mi ò tíì wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní Ṣàgámù. Ìrora yìí ló fi wá mi kó tó bí mi. Orúkọ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi pa ìrora náà.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.

"Ìyá mi ti kú," mo ní.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ọ̀rọ̀ náà kò tíì ti ẹnu mi jáde. Mo máa ń sọ pé kò sí nílé. Ìfẹ́dùn yíjú sí mi.

"Èmi kọ́ ni Mọ́sùnmọ́lá. Ọmọ rẹ̀ ni mí, Ìbídùn. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni mo wọ̀."

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́, ó sún mọ́ mi, ó sì bá mi tú ìdè náà. Ìgbà tó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ti dé. Ó ti ń móoru.

"Mo gbọ́dọ̀ mú un," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó móoru tán."

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ìlẹ̀kẹ̀ náà gbóná, ó gbóná dáadáa, ó ń tọ́jú ìdí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọwọ́ mi mọ́, mo nà án sí i. Ó gbé e lọ sínú yàrá kejì. Mo gbọ́ ìró omi.

Nígbà tó padà dé, ó fi ẹ̀rọ wò mí gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi. Ó ní ẹyin ti jáde lápá ọ̀tún, omi díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ara yóò fà mu fúnra rẹ̀, kò sí oyún níbi tí kò yẹ, kò sí wíwú, kò sí ohun mìíràn. Wọ́n á ránṣẹ́ sí mi nípa òfin tí mo rú. Àwọn á jí ìlẹ̀kẹ̀ tèmi fún mi.

"Ṣùgbọ́n mo lè pa ìrora yẹn fún yín ní báyìí," ló wí. "Kò ní í pẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Á lọ fúnra rẹ̀."

Ó wò mí títí. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti ń pa á, mi ò mọ̀ ọ́n." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣe yín?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún nísàlẹ̀. Omi ti ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

"Ibí ni," mo ní. "Ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe ìyá mi."